Kétu Súnmọ́ Wa Ju Lọ́ńdọ̀nù Lọ

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó ni iléèwé aládàáni ní Àbújá, láti Maitama dé Gwarinpa, àwọn òbí náà sì ti gbà á láìjiyàn: pé bí ọmọ yóò bá mọ èdè lóde òní, àfi kí iléèwé rẹ̀ ní ẹlẹgbẹ́ nílùú òyìnbó, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tábúlẹ́ẹ̀tì, kí olùkọ́ sì máa fi fídíò ránṣẹ́ sílé. Flipped classroom ni wọ́n kọ sórí ìwé tí wọ́n fi ń polówó. Kíláàsì adoríkodò ni èmi yóò máa pè é, torí ohun tó jẹ́ nìyẹn: ohun tí à ń ṣe ní kíláàsì tẹ́lẹ̀ di ti ilé, ohun tí à ń ṣe nílé di ti kíláàsì. Mi ò bá ọgbọ́n náà jà. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń bá jà, débi pé ẹni tí kò ní tábúlẹ́ẹ̀tì rò pé kò kan òun, ẹni tó sì ní in rò pé òun ti ṣe é tán.

Ìtàn bí ọgbọ́n náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò bá àṣehàn mu rárá. Ní ọdún 2007, àwọn olùkọ́ kẹ́mísírì méjì, Jonathan Bergmann àti Aaron Sams, bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ ní Woodland Park, ìlú kékeré kan lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà. Ìṣòro wọn kò ju pé àwọn ọmọ tó ń lọ figagbága níbi eré ìdárayá ń pàdánù ẹ̀kọ́, torí ọ̀nà jìn. Ọmọ tí kò bá ní kọ̀ǹpútà nílé, wọ́n á da ẹ̀kọ́ náà sórí DVD fún un. DVD o! Nígbà tí ìwé wọn fi jáde ní 2012, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ti rí ọjà níbẹ̀, wọ́n sì ti bá a dórí odò mìíràn.

Ẹ má sì gbàgbé pé kẹ́mísírì ni wọ́n ń kọ́. Nínú kẹ́mísírì, àlàyé ló ń jẹ àkókò olùkọ́, ìṣirò ló sì ń há ọmọ lọ́rùn nílé níbi tí kò ti rí ẹni bi. Wọ́n gbé àlàyé lọ sílé, wọ́n gbé ìṣirò wá síwájú olùkọ́, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n àlàyé nípa èdè kì í ṣe èdè. Olùkọ́ Yorùbá tó bá ká fídíò pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni orúkọ ènìyàn, ẹranko, ibìkan tàbí nǹkan, tó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí, kò dorí ohunkóhun kodò. Ohun tí kò wúlò ní kíláàsì ló gbé dé pálọ̀.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ọmọ 30 ló wà ní JSS 1, tí Yorùbá sì ní ìṣẹ́jú 40, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí olùkọ́ bá fi ìṣẹ́jú 30 ṣàlàyé, tó kọ nóòtì sójú pátákó tí àwọn ọmọ ń dà á kọ, ìṣẹ́jú 10 ló kù fún ẹnu 30. Ìṣẹ́jú-àáyá 20 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan, bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ rí àyè. Ní táàmù ọ̀sẹ̀ 12, gbogbo ìgbà tí ọmọ náà fi la ẹnu sọ Yorùbá ní kíláàsì kò ju ìṣẹ́jú 8 lọ. Ìṣẹ́jú 8! Ẹ gbé àlàyé kúrò, ẹ fi àwọn ọmọ sí méjì-méjì, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 30 náà. Ìṣẹ́jú 15 ni ẹnu kọ̀ọ̀kan yóò rí lẹ́ẹ̀kan, wákàtí 6 ní táàmù. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ìṣirò yìí. Olùkọ́ tó gbà láti pa ẹnu rẹ̀ mọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé òun gan-an ló ṣòro jù láti rí, torí ọ̀gá iléèwé tó bá kọjá lójú fèrèsé tó gbọ́ ariwo yóò ní olùkọ́ náà kò ṣiṣẹ́.

Kí ló wá yẹ kó lọ sílé? Gbígbọ́ ni. Àwa Yorùbá kò ṣàì mọ èyí. Nígbà tí Ọláńrewájú Adépọ̀jù ń gbé àwo ewì jáde, ilé ni àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ ọ, lọ́wọ́ alẹ́, wọ́n á tún un gbọ́ títí yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu. Ọjọ́ kejì, níbi iṣẹ́ tàbí lábẹ́ igi, ni àríyànjiyàn máa ń bẹ̀rẹ̀: ta ni ó ń bá wí, kí ni gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí, ṣé òótọ́ ni tàbí irọ́. Kò sí olùkọ́ tó dúró síwájú wọn. Kásẹ́ẹ̀tì wáàsí náà ṣe irú iṣẹ́ yẹn láàárín àwọn Mùsùlùmí wa. Ẹni tó bá sọ fún mi pé Bergmann ló kọ́ wa láti gbọ́rọ̀ nílé ká wá jiyàn rẹ̀ níta, mo máa bi í léèrè ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

Ọ̀rọ̀ iléèwé ẹlẹgbẹ́ ló kàn, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe wa pọ̀ sí jù. Ọmọ tó ń kọ́ èdè nílò ẹnìkan ní òdìkejì tó ní èdè náà lẹ́nu, tó sì ní ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá mú ọmọ Wuse tí Yorùbá rẹ̀ kò já geere, ẹ fi í kojú ọmọ Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Èdè wo lẹ rò pé wọ́n máa sọ? Bó bá sì jẹ́ iléèwé àwọn òyìnbó pọ́ńbélé ni, àwọn tiwa á wọ òfì lọ́jọ́ àṣà, wọ́n á gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù síwájú kámẹ́rà, fọ́tò á jáde nínú ìwé ìròyìn iléèwé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á sì fi parí gbogbo rẹ̀. Mi ò ní irú ìbádọ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀ burú. Ètò Connecting Classrooms tí British Council ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó dé Nàìjíríà náà, jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ayé fẹ̀ ju àdúgbò wọn lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí kí ọmọ wa lè gbọ́ Yorùbá tàbí Faransé ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Òbí tó ń san owó ńlá torí ìyẹn ń ra àlá.

Ẹ jẹ́ ká kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Kétu, Ìsákété, Ìfọ̀nyìn, Sábẹ: ilẹ̀ Yorùbá ni gbogbo wọn, lábẹ́ ìjọba Bẹ̀nẹ̀. Ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu ní 1886; ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé pé ibí ni tìrẹ, ọ̀hún ni tèmi, ààlà sì là wá láàárín. Ọmọ tó ń dàgbà ní Kétu lónìí ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀ àti lọ́jà. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní iléèwé. Tó bá dé sẹ́kọ́ńdírì, Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ kọ́, kò sì rí ẹni bá sọ ọ́. Ọmọ tiwa ní Àbújá ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ yanturu. Faransé wà lórí táìmùtébù rẹ̀, kò sì lè fi ra omi. Yorùbá ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí ọ̀kan ní ní àníjù ni èkejì ń wá kiri. Aago wọn àti tiwa tilẹ̀ tún jẹ́ ọ̀kan náà: nígbà tó bá lu mẹ́wàá àárọ̀ ní Gwagwalada, mẹ́wàá ló lù ní Kétu, nígbà tí ọmọ New York ṣì ń hanrun.

Mi ò rí iléèwé tó ń fi èyí polówó ara rẹ̀. Ẹ̀ka òwò tó rọ̀ mọ́ orúkọ Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo wa ń tọ̀. Bẹ́ẹ̀ Àbújá yìí kan náà, ní Asokoro, ni olú iléeṣẹ́ ECOWAS wà, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí ti jẹ́ èdè iṣẹ́, tí àwọn ògbufọ̀ sì ń jẹun níbẹ̀. Ìjọba Abacha kéde ní 1996 pé Faransé yóò di èdè ìṣèjọba kejì ní Nàìjíríà. Ìkéde náà kò kúrò lórí bébà, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ṣáájú rẹ̀, ní 1991, wọ́n ti dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Badagry, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí agbára kò ká ìrìn-àjò ọdún kan sí ilẹ̀ Faransé mọ́. Ẹni tó ronú kan Badagry mọ ohun tó ń ṣe: ẹnubodè Sèmè wà nítòsí, àwọn tó ń sọ èdè náà wà nítòsí. Ìwọ̀nba ọgbọ́n yẹn ni mo ní ká mú dé JSS.

Bí ẹnìkan bá ní wọn kò ṣe irú àbá mi yìí níbòmíràn, wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn tí Faransé àti Jámánì ti ja ogun dé góńgó, wọ́n dá àjọ àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì sílẹ̀ ní 1963, láti inú àjọ bẹ́ẹ̀ ni àṣà tandem ti gbilẹ̀: ọmọ Jámánì kan, ọmọ Faransé kan, kí kálukú jẹ́ olùkọ́ èkejì. Ní 2006, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ São Paulo ní Bùràsíìlì gbé e wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pè é ní Teletandem. Òfin wọn rọrùn: ìdajì àkókò fún èdè tìrẹ, ìdajì fún tèmi, a kì í pò wọ́n pọ̀, gbèsè ni kálukú jẹ èkejì, kò sí olóore, kò sí alágbe. Òfin tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Nínú àjọṣepọ̀ wa pẹ̀lú ìlú òyìnbó, àwa la máa ń jẹ́ alágbe, wọ́n sì máa ń fi ìdùnnú ṣe wá lóore.

Báwo ni yóò ṣe rí lójú ayé? Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ Kétu kan yóò fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì nípa ọjà ìlú rẹ̀, tàbí bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí nílé wọn, sínú fóònù olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ yìí nìkan ni yóò fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ ní Àbújá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ọmọ bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Ọmọ tiwa yóò gbọ́ ọ nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta bó bá fẹ́, yóò sì mú ìbéèrè kan ṣoṣo bọ̀: ohun tí kò yé e, tàbí ohun tó fẹ́ mọ̀ sí i. Ní Ọjọ́rú, kò sí àlàyé. Wọ́n á jókòó ní méjì-méjì, wọ́n á fi Yorùbá jíròrò ohun tí wọ́n gbọ́, wọ́n á kó ìbéèrè wọn jọ, olùkọ́ á máa rìn láàárín wọn, á máa tún ohùn tó wọ́ ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì, fóònù kan, ìṣẹ́jú 20: mẹ́wàá Yorùbá, mẹ́wàá Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ Kétu. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kí Faransé gba ipò Yorùbá. Ohùn ìṣẹ́jú méjì lórí WhatsApp kò tó mẹ́gábáìtì kan. Mo sọ èyí nítorí àwọn tí ń pariwo owó dátà, pàápàá láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti fàyè gba àfikún owó dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Owó dátà wọ́n lóòótọ́. Fídíò olówó gọbọi tí ẹ ń fẹ́ ló ń jẹ ẹ́.

Àwọn kan yóò ní Yorùbá Kétu kì í ṣe ojúlówó. Inú mi ń bàjẹ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ta ló ń sọ ojúlówó náà ní Àbújá? Bàbá wá láti Ìjẹ̀bú, ìyá wá láti Èkìtì, awakọ̀ jẹ́ ará Kàbà. Ọmọ tó bá gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní ohun tó ju ìwé kíkà lọ. Àtakò tó ní láárí níbẹ̀ ni ti ìkọ̀wé: nínú álífábẹ́ẹ̀tì tí Bẹ̀nẹ̀ ń lò fún àwọn èdè wọn, kò sí àmì sábẹ́ e àti o bíi tiwa; lẹ́tà ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Èyí gan-an ló fà á tí mo fi ní kó jẹ́ ohùn sí ohùn. Ẹnu ni ọmọ wa ṣaláìní. Ìwé á tẹ̀lé e. Àwọn tí èdè wọn jẹ́ Hausa kò sì gbọdọ̀ wòran: Zinder àti Maradi wà ní Nìjẹ̀, Hausa àti Faransé lẹ́nu àwọn ọmọ ibẹ̀. Ààlà ilẹ̀ tí ìjọba wa tì ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, kò lè dí ohùn lọ́wọ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù kì í yẹ WhatsApp wò.

Ẹ̀sùn kan wà tó gún mi lára, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ tì. Wọ́n ní kíláàsì adoríkodò ń di ẹrù ru ilé, ilé kò sì dọ́gba. Ọmọ Maitama yóò gbọ́ ohùn náà nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ìyá ọmọ Nyanya yóò wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ láti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Keffi, fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé, bátìrì rẹ̀ ti kú, iná kò sí. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ní "ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ rode" láti fi dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́bi kò mọ Nyanya. Ṣùgbọ́n ta ló ní ilé nìkan ni gbígbọ́ ti lè wáyé? Iléèwé tó ní bọ́ọ̀sì lè fi í gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Iléèwé ìjọba tí kò ní nǹkan kan ní àkókò àpéjọ àárọ̀, ó sì ní ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí wọ́n fi ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ tó pẹ́ dé. Àwọn ọmọ tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní àkókò ìkàwé ìrọ̀lẹ́. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣẹ̀ sí ni pé kí gbígbọ́ ti parí kí olùkọ́ tó wọ kíláàsì. Ibi tó ti parí, ẹ jẹ́ kí ó rọ kálukú lọ́rùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń dúró dè mí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mínísítà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, níbi àpérò àgbáyé lórí èdè nínú ẹ̀kọ́ tí British Council ṣe ní Àbújá níbí, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé òfin 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó ń fa ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, pẹ̀lú owó Ford Foundation láti Amẹ́ríkà. Àjọṣepọ̀ pẹ̀lú òkèèrè nìyẹn, tó mọ ohun tó wá ṣe. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ni Fáfúnwá fúnra rẹ̀ jẹ́ nígbà kan. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fagi lé ni fífi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Kò sí ẹni tó ní kí olùkọ́ Yorùbá máa fi ìṣẹ́jú 30 pariwo lórí àwọn ọmọ tí kò la ẹnu. Iléèwé tó bá fi mínísítà bojú kò ṣe tán láti ṣe nǹkan kan ni.

Ó ku ẹni tí yóò so okùn náà pọ̀, òun sì ni àwọn olówó iléèwé yóò ní àwọn kò rí. Ó wà lórí àtẹ owó oṣù yín. Ọ̀pọ̀ iléèwé aládàáni ní Nàìjíríà ló ń gba olùkọ́ Faransé láti Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò, a sì máa ń fi í sí kọ̀rọ̀ kan kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní être àti avoir láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù keje. Ó mọ àwọn iléèwé ìlú rẹ̀. Ó ní àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó ń ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ará Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó máa fi Yorùbá ná ọjà ní Wuse lẹ́yìn iṣẹ́, kí olùkọ́ Yorùbá tó wà ní ọ́fíìsì kan náà pẹ̀lú rẹ̀ má sì mọ̀. Kí ẹ tó san owó fún ẹni tí yóò bá yín wá iléèwé ẹlẹgbẹ́ ní Kent, ẹ pe olùkọ́ Faransé yín wọ ọ́fíìsì ní táàmù tó ń bọ̀, ẹ bi í léèrè ọmọ ìlú ibo ni.